Wọ́n Ní Kó Kúnlẹ̀ Torí Pé Ó Dáhùn

Kẹ́ ẹ sì yéé sọ fún mi pé obìnrin yẹn ò mọ̀. Kí ni ò mọ̀? Ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù, tómi ti ta sí lára láti àárọ̀, ẹ mú un síwájú gbogbo ayé, ẹ ní kó kúnlẹ̀, ẹ wá ní ẹ ò mọ̀? Ó ti sú mi. Gbogbo ẹni tó bá ti pàdé mi lórí afárá pákó wa báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ò bá ti fọwọ́ mú ẹnu ẹ, ì bá ti tán níbẹ̀." Ìyá tó ń ta kẹrosíìnì nítòsí wa, tí ò tíì débi tí wọ́n ti ń ṣe eré rí láyé ẹ̀, òun náà ní, "Ẹnu ẹ yìí ló dí àbúrò ẹ lọ́nà." Ẹnu mi. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu náà sọ ọ́ kẹ́ ẹ gbọ́, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ni. Àwa méjèèjì nìkan nÌye wa ní. Ìye là ń pe ìyá níbi tiwa, etíkun ni wá, lọ́wọ́ Oríòkè-Ìwàmímọ́ lọ́hùn-ún, ibi tó jẹ́ pé orí òpó nilé wa wà, tómi sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Èmi ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́dún tí Bàbá wa kú, mo jókòó ti iná ẹja. Ìwé tí mo mọ̀ lónìí, ara mi ni mo fi kọ́ ọ, lórí fóònù àti nínú ìwé àbúrò mi. Tẹ́ ẹ bá débi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ fò ó kẹ́ ẹ máa lọ.

Àbúrò mi yìí, eré ló mú un lórí. Tíṣà kan ló kó o ràn án. Ará Èkìtì ni Tíṣà, ìjọba ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ńṣe ló dì mọ́ òpó èbúté bí ẹni tó rí ìyàwó ẹ̀. Àwọn ọmọ ní, "Sà, ẹ fi òpó sílẹ̀, kò ní sá lọ." Òun náà rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ látọjọ́ náà. Lítíréṣọ̀ ló ń kọ́ wọn. Ìwé eré kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì ní, ó ti já sí wẹ́wẹ́, wọ́n á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Tíṣà á wá máa bínú pé bí ẹni ń ka ìkéde òkú ni wọ́n ṣe ń kà á. Ó ní eré kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ojú nìkan kà. Ó ní èèyàn ló ń ṣe é, èèyàn tó ń mí, ẹ gbọ́dọ̀ jókòó síwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè ní ẹ mọ eré.

Àbúrò mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn wálé. Látìgbà yẹn, tó bá ti ń yí ẹja lórí iná, á jẹ́ ọba, á jẹ́ olorì, á tún jẹ́ ọlọ́pàá tó wá mú àwọn méjèèjì. Ẹja ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi á pariwo láti ìdí igi ìdáná, "Kábíyèsí, ẹja ń jóná o!" Á ní, "Ẹ jẹ́ kó jóná, orí ìtẹ́ la wà." Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí èéfín á fi wọ̀ mí lójú.

Bí Tíṣà ṣe wá sílé wa nìyẹn lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn òṣèré kan ń bọ̀ ní Igbokoda, wọ́n fẹ́ ṣe eré fún àwọn ọmọ ilé ìwé, kí wọ́n lè fi ojú rí ohun tí wọ́n ń kà. Ó ní tí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n máa mú ọmọ kan láti ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yẹn máa lọ bá wọn gbé nígbà ìsinmi ńlá, wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́ náà, á sì bá wọn dúró lórí ìtàgé kó tó padà wálé. Ó ní, "Ẹni tí mo máa fà kalẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, òun náà ló ń yí ẹja yẹn."

Àbúrò mi ò pariwo. Ó rọra gbé igbá sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ohun tá a kàn mọ̀ ni pé pákó ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ń fò sókè lẹ́yìn ilé níbẹ̀.

Ìye ní kò lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Tíṣà ní.

"Tíṣà, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ẹ wá fẹ́ gbé ọma mi sọ́kọ̀."

Tíṣà wo ilẹ̀.

Kì í ṣe pé Ìye wa burú. Omi ló gba ọkọ ẹ̀. Látìgbà yẹn, tí àbúrò mi bá wọ ọkọ̀ kọjá ibi tójú Ìye lè rí, Ìye ò ní jẹun títí á fi dé. Mo ní láti sọ ti Bàbá wa fún yín kọ́rọ̀ yìí tó yé yín. Mi ò fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́.

Níbi tiwa, tó o bá gbọ́ igbe lórí omi, dídáhùn ló kọ́kọ́ kàn. Kó o tó wá àjẹ̀, kó o tó tú okùn ọkọ̀, kó o tó mọ ẹni tó ń ké, wàá kọ́kọ́ dáhùn: "Òòò! A gbọ́ o! Kọjú síbí!" Tó o bá ń yan ẹja, wàá dáhùn. Tó o bá wà nílé ìgbẹ́, ẹ má bínú, wàá dáhùn látibẹ̀. Arúgbó tí ò lè dìde mọ́ á dáhùn látorí ẹní. Torí pé ẹni tó wà nínú omi, ìgbì ti yí i po, kò mọ apá ibi tí ilẹ̀ wà mọ́. Ohùn èèyàn ló máa fi mọ ibi tó máa kọjú sí. Ẹnikẹ́ni ò jókòó kọ́ wa. A bá a lẹ́nu àwọn àgbà ni, ọmọ tí ò tíì mọ orúkọ ara ẹ̀ dáadáa ti mọ "A gbọ́ o."

Ọjọ́ tí Bàbá wa lọ, ọ̀sán gangan ni. Òun àti ẹnìkejì ẹ̀ ló jọ lọ pẹja, ìjì dé, ọkọ̀ dojú dé. Ẹnìkejì yẹn ló bọ̀. Ó jókòó nílé wa pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n yá a, ó ń sọ fún Ìye pé àwọn dì mọ́ ìdí ọkọ̀, àwọn ń ké. Ó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá kan kọjá, wọn ò dúró, wọn ò sọ̀rọ̀. Bóyá ariwo ẹ́ńjìnnì ni, bóyá wọ́n gbọ́, èwo ló kan ẹni tó ti kú? Ó ní Bàbá wa wá bi òun pé, "Ṣé kò sẹ́ni tó dáhùn ni?" Òun ní kò sí. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá ò ké mọ́.

Àbúrò mi wà nítòsí tó ń jẹ púpùrú. Ó kéré nígbà yẹn, a rò pé kò gbọ́. Ó gbọ́. Ó gbé àwo ẹ̀ sílẹ̀, ó jáde lọ sẹ́nu afárá, ó kọjú sókun, ó ń pariwo, "A gbọ́ o! A gbọ́ o!" Ìye ló lọ gbé e wọlé. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn nílé wa mọ́.

Ẹ ti gbọ́ báyìí. Ìdí nìyẹn tÌye fi ní kò lọ.

Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi á bá wọn lọ, èmi mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, bí mo ṣe mú un lọ ni mo ṣe máa mú un bọ̀. Ìye wò mí títí. Ó ní, "Kó má lọ sunkún bọ̀ o." Mo ní, "Ìye, ibi eré ni wọ́n ń lọ, ta ló ń sunkún níbi eré?"

A lọ. Àwọn ọmọ ti fi ọ̀rá bo yunifọ́ọ̀mù kómi má ba ọ̀ṣọ́ wọn jẹ́, bàtà wà nínú àpò, ẹsẹ̀ lásán ni kálukú wà. Tíṣà jókòó sáàárín gbùngbùn ọkọ̀, ó di pákó mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń gbàdúrà lábẹ́ ohùn, àwọn ọmọ sì ń ṣe àmín sókè. Àbúrò mi jókòó síwájú pátápátá. Afẹ́fẹ́ ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu ẹ̀ tó ń mì. Ó ń ka eré.

Nígbà tá a dé gbọ̀ngàn ibi eré ní Igbokoda, àwọn ọmọ ìlú ti gba gbogbo àga iwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n kó wa sí, àwa àtàwọn ọmọ tó wá láti apá Mahintedo. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ ìlú di imú, ó ní, "Ẹ sún o, àwọn ẹlẹ́ja ti dé." Ọmọ tiwa kan dá a lóhùn kíá, "Ìwọ tó ò ń jẹ ẹ́ ńkọ́, ọ̀gbẹ́ni?" Gbogbo ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Mo ní ọjọ́ yìí máa dùn.

Obìnrin tó kó ètò yẹn jọ wà níwájú pẹ̀lú máíkù. Ó wọ kóòtù nínú ooru tí jẹnẹrétọ̀ ò lè gbé fáànù. Ó kí wa káàbọ̀, ó ní òun fẹ́ káwọn ọmọ wa lajú. Mo gbọ́ "lajú" yẹn, mo gbé e mì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́, èmi náà ò rí i rí. Fíìmù orí fóònù ni mo mọ̀. Èyí, èèyàn ló wà níbẹ̀! Tó bá ń bínú, iṣan ọrùn ẹ̀ máa ń yọ. Tó bá sáré kọjá, atẹ́gùn ẹ̀ máa ń kan àwọn tó wà níwájú. Àbúrò mi fún ọwọ́ mi mọ́lẹ̀ títí ó fi ń dùn mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń làágùn. Ẹ wò ó, wọ́n ń làágùn lóòótọ́." Mo ní, "Mo rí i." Ó ní, "Wọn ò wo ìwé rárá." Mo ní, "Mo rí i, fi ọwọ́ mi sílẹ̀." Kò fi í sílẹ̀.

Eré apẹja ni wọ́n ń ṣe. Apẹja náà, ọkùnrin kan báyìí tó sanra díẹ̀, jókòó sínú ọkọ̀ onípáálí, ó ń wà á. Ọmọ tiwa tó fún ará ìlú lésì lẹ́ẹ̀kan tún pariwo, "Ọ̀gá, ẹ̀yìn lẹ̀ ń lọ o!" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ọkùnrin yẹn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yí àjẹ̀ padà. Ẹnikẹ́ni ò bínú nígbà yẹn. Ẹ fi sọ́kàn o. Nígbà tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, a lè sọ̀rọ̀.

Ìjì wá dé nínú eré. Àwọn méjì di aṣọ aláwọ̀ búlúù gbọọrọ mú lápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń mì í, aṣọ ń ru bí omi. Ọkùnrin yẹn ṣubú sáàárín ẹ̀. Orí ẹ̀ yọ, ọwọ́ ẹ̀ yọ. Ó ké.

"Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n dá ìlù dúró. Ó jọ pé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, kí ó dákẹ́. Orí ẹ̀ wọlẹ̀, ó tún yọ.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!"

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àwọn ọmọ tiwa, kò sẹ́ni tí ara ẹ̀ balẹ̀ nínú wọn. Wọ́n ń wo ara wọn. Èmi fúnra mi, ó ti dé ọ̀fun mi, mo ń fi ahọ́n tì í. Mo ní ṣebí eré ni.

Àbúrò mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó dìde.

"Òòò! A gbọ́ o! Kọjú síbí!"

Ohùn yẹn! Mi ò mọ̀ pé ó wà nínú ẹ̀. Kó tó sọ ọ́ tán, gbogbo àwọn ọmọ wa ti dìde, àwọn ọmọ apá Mahintedo náà dìde, gbogbo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn dúró, wọ́n ń ké, "A gbọ́ o! Kọjú síbí! Kọjú síbí o!" Ọkùnrin inú aṣọ yẹn sì yíjú. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín. Ó yíjú síbi tá a wà, ó wò wá, ojú ẹ̀ yí padà, ó sì na ọwọ́ sí wa. Ó tó bí ìgbà téèyàn mí sínú. Kò sí nínú eré wọn. Àwọn tó di aṣọ mú gan-an dẹ́kun mímì í.

Aṣọ yẹn wá rọ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn yọ síta, ó kúnlẹ̀ sórí pákó bí ẹni tó ń fọ ilẹ̀. Àwọn ọmọ iwájú bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ẹ̀rín ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ń na ìka sí wa. "Wọ́n rò pé ó ń kú ni! Wọ́n rò pé omi ni!" Ọmọkùnrin tó di imú yẹn ṣubú sílẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín àga.

Obìnrin oníkóòtù gba máíkù. Ó ní, "Ẹ wò ó, ohun tí mò ń sọ nìyí. A ò lè máa kó àwọn tí ò lajú wá síbi eré láì kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ìjókòó." Ó ní ibi tí eré ti gbóná jù ni wọ́n bà jẹ́ yẹn. Ó ní kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ariwo jáde síwájú.

Àbúrò mi lọ. Mo fẹ́ mú aṣọ ẹ̀, ó ti kọjá. Ó ń rìn láàárín àga, àwọn ọmọ ìlú ń ṣe "gbà mí o, gbà mí o" sí i lápá ọ̀tún lápá òsì. Ó dé iwájú.

"Ṣé o ò mọ̀ pé eré ni?" obìnrin yẹn bi í, ó fi máíkù sí i lẹ́nu kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Mo mọ̀, mà."

"Tó o bá mọ̀, kí lò ń pariwo fún?"

"Wọn ò dá a lóhùn ni, mà."

Ẹ̀rín tún bú. Obìnrin yẹn gba máíkù kúrò. Ó ní, "Ó tún lẹ́nu! Tíṣà ẹ dà?" Tíṣà ti sáré dé. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń tẹrí ba, òógùn bò ó. Obìnrin yẹn ní kí àbúrò mi kúnlẹ̀ kó bẹ àwọn òṣèré, kí ó tán, kí wọ́n máa bá eré lọ. Tíṣà wo àbúrò mi. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n máíkù gbé e. "Kúnlẹ̀, jàre. Nítorí ìsinmi ńlá. Kúnlẹ̀ kó tán."

Mo ti ń bọ̀ láàárín àga nígbà yẹn. Mo fẹ́ kàn lọ mú un padà síjókòó ni, mi ò ní nǹkan míì lọ́kàn. Ìgbà yẹn ni obìnrin yẹn mi orí, ó ní, "Ta ló tiẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ yìí nílé? Ṣé kò ní bàbá ni?"

Ẹ̀yin èèyàn. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé iwájú. Wọ́n ní mo taari àga, ó ṣeé ṣe. Mo mú àbúrò mi lápá, mo fà á dìde, mo pariwo mọ́ obìnrin yẹn. Kò sí máíkù lọ́wọ́ mi, mi ò nílò ẹ̀. Mo ní, "Ó ní bàbá! Inú òkun ni bàbá ẹ̀ wà! Ó ké títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, irú yín ló gun ẹ́ńjìnnì kọjá! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ẹ kúnlẹ̀ fún un, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kúnlẹ̀!" Mo sọ èyí tó ju ìyẹn lọ. Mo bú kóòtù ẹ̀. Mo bú ẹni tó rán kóòtù náà.

Àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ya ẹnu sílẹ̀. Obìnrin yẹn gan-an fà sẹ́yìn. Mo ní mo ti gbẹ̀san, mo yíjú sí àbúrò mi kó lè rí i pé mo ti gbẹ̀san.

Ó ń wò mí bí ẹni tí mo bọ́ aṣọ lára ẹ̀ láàárín ọjà.

Èyí tí mò ń fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nìyí, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri kì í dé ibí yìí. Ẹ gbọ́ mi, mo ní mo fà á dìde. Ó ti ń lọ sílẹ̀. Orúnkún ẹ̀ kan ti kan ilẹ̀. Ọmọ yẹn fẹ́ kúnlẹ̀.

Obìnrin yẹn wá gbé máíkù. Ó ní ká máa lọ. Ó ní ilé ìwé wa ò sí nínú ètò òun mọ́, kí Tíṣà má wulẹ̀ fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Ìlù tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa kó tó di pé gbogbo ọmọ wa jáde tán.

A wà níta tí wọ́n ń bọ́ bàtà padà sínú àpò nígbà tí ọkùnrin apẹja yẹn sáré gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn jáde. Àtíkè eré ṣì wà lójú ẹ̀. Ó wá àbúrò mi kàn. Ó ní, "Ìwọ lo dáhùn?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Látìgbà tí mo ti ń kú nínú eré yẹn, ẹnì kan ò dá mi lóhùn rí." Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. "Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó kàn ṣe mí bíi kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Mo ní, "Ṣé ẹ máa sọ fún wọn kí wọ́n mú un?"

Ó wo ilẹ̀ bí Tíṣà ṣe wo ilẹ̀ nílé wa. Ó ní, "Àǹtí, èmi kọ́ ni mo ń mú èèyàn." Wọ́n pè é látinú, ó sì wọlé lọ kú ikú tó kù.

Ẹnikẹ́ni ò kọrin nínú ọkọ̀ nígbà tá à ń padà. Tíṣà ò di pákó mú mọ́, ó kàn jókòó, omi ń ta sí i lójú, kò nù ún. Nígbà tá a délé, Ìye ti dúró sẹ́nu afárá. Ó fọwọ́ kan orí àbúrò mi, ó fọwọ́ kan èjìká ẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó pé. Ó ní, "Báwo leré?" Àbúrò mi ní, "Ó dáa, Ìye." Ó wọlé. Bí mo ṣe mú un lọ kọ́ ni mo ṣe mú un bọ̀.

Ìsinmi ńlá dé. Wọ́n mú ọmọ láti ilé ìwé àwọn ará Mahintedo, àwọn ọmọ yẹn ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n dá wọn sí. Nígbà tí ìsinmi ń parí lọ, ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Ọmọbìnrin kan wà láàárín àwọn òṣèré, ó ń sọ̀rọ̀ olorì inú ìwé eré àbúrò mi. Mi ò fẹ́ fi han àbúrò mi, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ètè ẹ̀ ń bá ọmọ yẹn sọ ọ́, kò yẹ ọ̀rọ̀ kan, kò sì jẹ́ kí ohùn jáde. Ó dá fóònù padà fún mi, ó lọ yí ẹja.

Mo tẹ̀lé e. Mo ní, "Sọ̀rọ̀. Bú mi."

"Kí ni kí n bú ẹ̀gbọ́n mi fún?"

"Ṣé o fẹ́ kí n máa wò wọ́n tí wọ́n ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Kí n máa wo obìnrin yẹn tó ń bú Bàbá?"

Ó yí ẹja kan, ó yí òmíràn. Ó ní, "Èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Mo sì ti ń kúnlẹ̀." Ó nu ojú ẹ̀ nítorí èéfín, bóyá èéfín ni. "Bàbá gan-an, mi ò sọ ọ́ fún wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Kò sọ ju ìyẹn lọ látìgbà náà. Kò bá mi jà. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń bá mi gbé igbá, ó ń dá mi lóhùn tí mo bá pè é. Ṣùgbọ́n kì í jẹ ọba mọ́, kì í jẹ olorì. Ẹja á dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Tíṣà ní ó ṣì ń ka ìwé eré ní kíláàsì tó bá kàn án, ó ní ó ti ń kà á báyìí bí àwọn tó kù ṣe ń kà á.

Àwọn àgbà ní kí n lọ sí Igbokoda lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, kí n bẹ obìnrin yẹn, bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú ilé, mo padà. Mo mọ̀ pé tí mo bá wọlé, mi ò ní bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sùúrù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé jù mí lọ, ẹ gbé ara yín síbẹ̀ fún mi. Àbúrò yín ló wà níwájú yẹn. Ohun tó ń wá látìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀ bí ọba wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, orúnkún nìkan ló kù. Ẹ gbọ́ tó ní ṣé kò ní bàbá ni, ẹ sì rí i pé orúnkún ọmọ yẹn ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ má dá mi lóhùn kíá. Ẹ rò ó dáadáa, kẹ́ ẹ wá sọ òótọ́ fún mi: ṣé ẹ̀yin máa dákẹ́?